Àlàfo Inú Sáàfù: Ta Ni Yóò Mú Ẹ̀sìn Dé Ọ̀dọ̀ Ẹni Tí Ayé Kọ̀?

  

 Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtìjú èmi fúnra mi. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo wà nínú sáàfù kẹta ní mọ́ṣáláṣí kan ní agbègbè wa. A ti dìde fún ìrun nígbà tí ọmọkùnrin kan wọlé. Ó ti ṣe àlùwàlá, omi ṣì ń kán ní ìgúnpá rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ọ̀kan ni nínú àwọn tó ń ṣa irin, ike àti páálí lórí ààtàn Solous ní Ìgàndó. Òórùn ààtàn kì í sì í tán bọ̀rọ̀ lára aṣọ. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi lápá ọ̀tún. Ẹni tó wà ní ọ̀tún tirẹ̀ sún kúrò. Èmi náà sún. N kò sún púpọ̀, ìdajì ìṣísẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo sún. Nígbà tí a sálámà tán tí mo bojú wo ọ̀tún, ọmọ náà ti lọ. N kò sì rí i ní mọ́ṣáláṣí náà mọ́.

Kí á tó kírun lọ́jọ́ náà, Lèmọ́mù ti sọ fún wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ pé kí á to sáàfù wa, kí èjìká kan èjìká, kí á má fi àlàfo sílẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo sì fi àlàfo sílẹ̀.

Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà náà ni èyí: ta ni a ní ẹ̀sìn fún? Ṣé ẹni tó ti mọ́ tónítóní ni, àbí ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti wẹ̀? Bí ó bá sì jẹ́ pé fún àwọn méjèèjì ni, ta ni ó yẹ kí ó dìde lọ bá ẹnì kejì? Ṣé ọmọ ìta ni yóò wá mọ́ṣáláṣí ni, àbí mọ́ṣáláṣí ni yóò lọ bá ọmọ ìta?

Ní Alímọ̀ṣọ́ níbi, ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tó lé ní 1,200,000 ní ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí, èyí tó pọ̀ ju ti ìjọba ìbílẹ̀ yòówù ní Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò bí àwọn bàbá wa síbẹ̀. A ti Ìsàlẹ̀ Èkó wá, a ti Ìbàdàn wá, a ti Ìlọrin àti Ọ̀yọ́ wá, nítorí pé a rí ilẹ̀ rà tàbí pé owó ilé rọjú díẹ̀. Ẹni tó kúrò ní ilé bàbá rẹ̀ ti fi ẹ̀gbọ́n, àbúrò bàbá àti ààfáà àdúgbò tó lè bá a wí sílẹ̀. Bí iṣẹ́ kò bá wá sí, gáréèjì ni ọmọ yóò bá ara rẹ̀. Ẹ dúró ní Ìkọ̀tún ní àárọ̀, ẹ ó rí wọn: àgbèrò, kọ̀ńdọ́kítọ̀, ọmọ tó di irun dàda, èyí tó fín àkekèé sí ọrùn, èyí tó ń ta páragà, èyí tó ń mu ún. Ẹ béèrè orúkọ wọn. Ẹ ó gbọ́ Sùlé, Ràṣídì, Gàníyù, Múfú. Àwọn ọmọ wa ni. A ti sọ wọ́n lórúkọ, ààfáà ti ṣàdúà lé wọn lórí, a ti pín ẹran àkíkà wọn jẹ. Ìgbà tí wọ́n yà bàrá ni a sọ pé a kò mọ̀ wọ́n. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Kí n tó padà sí ilé, ẹ jẹ́ kí n mú yín rin ìrìn-àjò díẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Mo fẹ́ kí á wo ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti ṣe láàrin àwọn tí ayé kọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ọ̀nà wọn kì í ṣe ọ̀nà wa. Wọn kò pe ènìyàn sí ìjọsìn Ẹlẹ́dàá kan ṣoṣo bí àwa ti ń ṣe, àwa kò sì ní í fi Kálímà wa ṣe pàṣípààrọ̀ fún ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò ẹni bá gba ilẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ tó mọ́, kò sí èèwọ̀ nínú kí ó ti ojú ẹni láti gbá tiwa.

Búdà fúnra rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Siddhartha Gautama, ọmọ ọba ni ní apá ibi tí Íńdíà àti Nepal pààlà, ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Ìlú náà pín ènìyàn sí ipele ipele láti inú oyún. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ròyìn pé nígbà tí àwọn ọmọ ọba kan wá darapọ̀ mọ́ ọn, wọ́n mú onígbàjámọ̀ wọn dání, Upali. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gba onígbàjámọ̀ náà wọlé ṣáájú àwọn, kí ó lè di ẹ̀gbọ́n àwọn nínú ẹgbẹ́, kí àwọn sì máa tẹríba fún un, kí ìgbéraga ilé ọlá lè kúrò lára àwọn. Wọ́n tún ròyìn ọlọ́ṣà kan, Angulimala, tó ń pa ènìyàn tó sì ń fi ìka ọwọ́ wọn ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Búdà lọ bá a nínú igbó, ọkùnrin náà sì yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìparí rẹ̀: nígbà tí ó ti di ẹni rere tán, tó gbé àwo rẹ̀ wọ ìlú láti tọrọ oúnjẹ, àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní òkò, wọ́n fọ́ ọ lórí. Wọn kò rí ẹni tó dà, ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń rí. Búdà sọ fún un pé kí ó fara dà á. Orúkọ ọlọ́ṣà yìí ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1985 láti máa bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò. Ní ilẹ̀ Íńdíà náà, ní ọdún 1994, àwọn olùkọ́ wọn wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Tihar ní Delhi, ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sì jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti kọ́ bí a ti ń kó ọkàn ẹni níjàánu.

Ní Japan, ẹgbẹ́ Búdà kan wà tí wọ́n ń pè ní Soka Gakkai, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1930. Ìjọba fi olórí rẹ̀ àkọ́kọ́ sẹ́wọ̀n nígbà ogun àgbáyé kejì, inú ẹ̀wọ̀n náà ló kú sí ní ọdún 1944. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará oko ń ya wọ ìlú ńlá, wọn kò ní ẹbí, wọn kò ní owó, àìsàn sì pọ̀. Àwọn ènìyàn ńláńlá ń fi ẹgbẹ́ náà ṣe ẹlẹ́yà pé ẹgbẹ́ olókùnrùn àti òtòṣì ni. Òtòṣì náà ni wọ́n lọ bá lóòótọ́. Wọn kò dúró de kí wọ́n wá sí ilé ìsìn ńlá. Inú yàrá ẹni kan ni ènìyàn díẹ̀ ń jókòó sí, oníkálukú ń sọ ìṣòro rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ara wọn. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1950, ilé tó ti wọ ẹgbẹ́ náà lé ní 750,000. Lónìí wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà pàápàá. Ẹ fi ìlú àwọn ará oko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yẹn wé Ìkọ̀tún àti Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi dárúkọ wọn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Ambedkar. Wọ́n bí i ní ọdún 1891 sínú ìran tí wọ́n ń pè ní ẹni àìgbọdọ̀-fọwọ́-kàn ní Íńdíà. Nígbà tó wà ní ọmọdé, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò omi ilé ìwé. Ẹlòmíràn ni yóò da omi sí i lẹ́nu láti òkè. Ó kàwé títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà àti ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà ló sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó kọ òfin ilẹ̀ Íńdíà. Ní ọdún 1935 ó kéde pé lóòótọ́ ni wọ́n bí òun sínú ẹ̀sìn Híńdù, ṣùgbọ́n òun kò ní í kú sínú rẹ̀. Ogún ọdún ó lé ni ó fi ń wo ẹ̀sìn kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì wo Ìsìláàmù náà. Níkẹyìn, ní ọjọ́ 14 oṣù October ọdún 1956, ní ìlú Nagpur, ó wọ ẹ̀sìn Búdà, ọgọ́rùn-ún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tó kú.

Kí ló dé tí kò fi wá sọ́dọ̀ wa, àwa tí a ní Bilal? Ìdí rẹ̀ ju ọ̀kan lọ. Ó fẹ́ ẹ̀sìn tó ti inú ilẹ̀ Íńdíà fúnra rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ní àwọn ọdún 1940 pé àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ náà pàápàá ń fi ìran ya ara wọn sọ́tọ̀, tí àwọn kan kà ara wọn sí ọmọ ọlá tí wọ́n sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn yòókù. Kì í ṣe Àlùkùránì ni ẹ̀sùn yìí wà fún. Àwa tí a ń kà á ni. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ wo inú ilé wa, ó rí omi tó mọ́, ó sì tún rí bí a ṣe ń fi ìgbá bu ú fún ara wa.

Bí ìtìjú yẹn bá kún ojú, ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí a ní nílé. Àwọn ọlọ́lá Kúráéṣì fẹ́ kí Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) lé àwọn aláìní tó yí i ká, kí àwọn lè jókòó tì í. Ọlọ́hun kọ̀ fún un, bí ẹ ó ti rí i nínú Súúrà Al-An'ám àti Al-Kahf. Nígbà tí afọ́jú kan, Ibn Umm Maktum, wọlé nígbà tí ó ń bá àwọn èèkàn ìlú sọ̀rọ̀, tó fa ojú ro díẹ̀, Ọlọ́hun sọ Súúrà Abasa kalẹ̀. Afọ́jú yìí kan náà ló di ọ̀kan nínú àwọn ládàánì Mọ̀dínà, tí Ànábì sì fi sípò ara rẹ̀ láti máa bójú tó ìlú nígbà tó bá rìnrìn-àjò. Obìnrin dúdú kan wà tó máa ń gbá mọ́ṣáláṣí. Ó kú lóru, wọ́n sì sin ín láì sọ fún Ànábì, nítorí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tó béèrè rẹ̀ tí wọ́n sọ fún un, ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì lọ kírun sí i lára níbẹ̀. Ọkùnrin kan sì wà tó ń mu ọtí, tí wọ́n ń mú wá léraléra láti nà. Ẹnì kan ṣẹ́ èpè fún un. Ànábì ní kí ó má ṣe ṣẹ́ èpè fún un, nítorí pé ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: wọn kò fagi lé ìyà ọtí. Wọn kò sì lé ọmùtí kúrò láàrin àwọn onígbàgbọ́. Ohun méjèèjì ló dúró papọ̀.

Nílẹ̀ wa náà, ẹ má jẹ́ kí agbádá Jímọ̀ mú wa gbàgbé. Nígbà tí Àfọ̀njá ní Ìlọrin dìde sí Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí ọdún 1817, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí tó sá lọ bá a, ẹrú Haúsá ni wọ́n. Láti inú ilé olówó wọn ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti ń kírun kí ó tó di pé àwọn ọlọ́lá ń kí i. Àwọn ọmọ wẹ́rẹ́ tó ń jí wa fún sààrì nínú Ràmàdáánì, láti àárín wọn ni Síkírù Àyìndé Barrister ti jáde tó sì sọ orin wọn di fújì. Ẹ̀sìn yìí kò fìgbà kan jẹ́ ti yàrá àlejò nìkan.

Ẹ tún wo Malcolm X. Wọ́n bí i ní ọdún 1925. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ọmọ ìta gidi ni ní Boston àti New York: olè, igbó, tẹ́tẹ́. Ó wọ ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1946, ó jáde ní 1952. Inú ẹ̀wọ̀n ni lẹ́tà àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ti bá a. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe Ìsìláàmù pípé, nítorí ẹgbẹ́ tó gbé e wá sọ pé wòlíì kan tún wà lẹ́yìn Ànábì wa. Ọdún 1964 ló tó ṣẹ́ Hájì, tó rí funfun àti dúdú nínú sáàfù kan, tó sì kọ àṣìṣe àtijọ́ sílẹ̀. Ní oṣù May ọdún náà ó dé Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí Nàìjíríà sì fún un ní orúkọ Ọmọwálé. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yẹn yé wa. Ẹni tí wọ́n fún ní orúkọ náà, ẹlẹ́wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á sì béèrè pé kí ló dé tí àwọn tó ní òtítọ́ kò fi tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣáájú àwọn tó ní àbùkù. Bí a bá sùn, ẹlòmíràn kò ní í sùn. Igbó àti ẹgbẹ́ òkùnkùn kì í sùn ní Ìkọ̀tún.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí yóò sọ. Wọn yóò ní ẹni tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Òótọ́ ni. Ànábì náà fi ọ̀rẹ́ rere wé ẹni tó ń ta tùràrí, ó fi ọ̀rẹ́ burúkú wé alágbẹ̀dẹ tí ẹ̀ta iná rẹ̀ lè jó aṣọ ẹni. Nítorí náà n kò sọ pé kí á rán ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ jókòó ní gáréèjì. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ènìyàn nínú odò gbọ́dọ̀ mọ̀wẹ̀. Kí àgbà méjì tàbí mẹ́ta tí ẹsẹ̀ wọn múlẹ̀ lọ papọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí á yàgò fún ìwà, ọ̀tọ̀ ni kí á yàgò fún ènìyàn. Oníṣègùn tó bá ń sá fún aláìsàn kò lè pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn.

Àwọn mìíràn yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ fá dàda, kí wọ́n pa àmì ara rẹ́, kí wọ́n tó wá. Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, àlùwàlá ni a fi ń wọ ìrun, a kò tíì gbọ́ pé abẹ ni. Ará oko kan wọ mọ́ṣáláṣí Ànábì, ó sì tọ̀ síbẹ̀. Àwọn Sàhábé fẹ́ bò ó. Ànábì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n da omi sí i. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ ọ ní pẹ̀lẹ́. Kò sọ pé ìtọ̀ dára. Ó kàn mọ ohun tó yẹ kó ṣáájú.

Àwọn kan yóò sì ní ẹ̀tàn ni, pé owó ni wọn yóò tọrọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yẹ ẹ̀tàn tiwa náà wò. Bí a bá gbé ìrẹsì lọ fún wọn ní Ràmàdáánì tí a ya fọ́tò, tí a kò sì mọ orúkọ ẹnì kan títí Ràmàdáánì mìíràn fi dé, ta ni ó tan ta?

Kí wá ni ṣíṣe? Àwọn ohun kéékèèké ni. Kí á má dúró de wáàsí ńlá tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ènìyàn márùn-ún tó jókòó sí orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀sán, nígbà tí ọkọ̀ kò pọ̀, ti tó. Kí á bi wọ́n ní orúkọ, orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ní ọjọ́ kẹjọ, kì í ṣe ìnagijẹ gáréèjì. Kí á gbọ́rọ̀ kí á tó sọ̀rọ̀. Kí á kọ́ wọn ní Fátíhà láì fi ohun tí wọn kò mọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù ìbọmi-kọ̀kan tàbí iṣẹ́ ìwẹ́dà nínú wa, kí ó gba ọmọ iṣẹ́ kan. Kí á máa lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí á máa lọ ní oṣù kejì, nítorí ọmọ ìta ti rí ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan rí. Bí ọ̀kan bá túúbá tó sì tún ṣubú, kí á má sọ òkò lé e lórí. Kí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan sì fi ọṣẹ àti jàlámíà díẹ̀ tó mọ́ sí ìdí ẹ̀rọ omi fún ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ ẹlẹ́gbin dé. Kò ná wa ní ohun tó tó owó ìbòrí kan fún ayẹyẹ.

Èyí tó kéré jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí èmi kò ṣe lọ́jọ́ náà. Kò gbà ju ìdajì ìṣísẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá dúró tì ọ́ nínú sáàfù, má sún kúrò. Sún mọ́ ọn.

Mo ti tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Mo ṣì ń wá ọmọ náà kí n lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ òun náà, nítorí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà lọ́rùn ẹni títí ẹni tó ni ín yóò fi yọ̀ǹda rẹ̀. Bí mo bá ń kọjá lójú ọ̀nà Ìgàndó, mo máa ń wo ojú àwọn tó ń ti orí ààtàn bọ̀ pẹ̀lú àpò lẹ́yìn.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á wà lára àwọn tó ń dí àlàfo, kí ó má ṣe wá ní ẹni tó ń dá a sílẹ̀. Kí ó mú àwọn ọmọ wa tó wà lóde wálé, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n bá wa nílé nígbà tí wọ́n bá dé. Áámín.